Ibi Tí Ẹlẹ́rìí Ń Gbé

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá sọ. Ó di ọdún mẹ́tàlélógún báyìí tí mo ti ń jókòó sí igun gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ nílé aṣòfin, tábìlì kékeré níwájú mi, ohun ìgbọ́rọ̀ létí mi, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lórí kọ̀ǹpútà. Bí alága bá sọ̀rọ̀, mo kọ ọ́. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, mo kọ "ẹ̀rín" sínú àkámọ́. Bí alága bá sùn, ó sì máa ń sùn dáadáa lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mi ò kọ ìyẹn, torí pé oorun kì í ṣe ọ̀rọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò wúlò tó oorun ẹ̀. Etí-Ilé ni wọ́n ń pè mí. Àwọn tó sọ mí lórúkọ náà ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó kù ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ní òmíràn.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kí n má purọ́, mo sì máa ń fi yangàn. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn, èmi ni mo ń kọ ọ́, a ó sì gbé e sórí ìkànnì ilé aṣòfin kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí gbogbo ayé lè kà á. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́, àfi bí ẹni tó sọ̀rọ̀ àti alága bá jọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan. Nígbà kan, mínísítà kan sọ pé àwọn opó fẹ́ràn ẹkún ju iṣẹ́ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pé kí n yọ ọ́, alága ò sì fẹ́ fọwọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún un pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó, àti pé èmi kọ́ ni n ó bá a kó tiẹ̀. Ó lérí pé òun á lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ìdìbò ló lé òun. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ọmọ ilé ìwé lè ṣí i kà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbọ́ tàárọ̀ tirọ̀lẹ́, àwọn èèyàn á gbàgbé pé ó lẹ́nu. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi nìkan. Bàbá ọmọ mi ti kú. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní ìlú tó jìnnà, ó máa ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Á ròyìn iṣẹ́, á ròyìn àwọn ọmọ, á wá ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, màámi?" Màá ní a dúpẹ́. Ó parí nìyẹn. Bó bá ṣe ń sọ̀rọ̀, ìka mi á máa tẹ̀ ẹ́ sórí itan mi bí ẹni pé ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé àìrẹ́nibásọ̀rọ̀ ń bá mi jà. Mi ò kàn rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ni.

Lọ́dún yìí ni wọ́n gbé àbá òfin kan wá síwájú ìgbìmọ̀. Kò gùn: ẹnikẹ́ni tó bá gbé àdírẹ́sì ilé ẹlòmíràn, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni náà, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Wọ́n pe ẹlẹ́rìí méjì, akọ̀ròyìn kan tí kò fẹ́ òfin náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, àti aránṣọ kan tó fẹ́ ẹ. Àṣà kan wà níbẹ̀ tó ti wà kí n tó dé. Kí ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀, akọ̀wé ìgbìmọ̀ á mú un búra pé òun ò ní fi ohunkóhun pamọ́, á wá bi í, láìgbójú sókè: orúkọ yín, iṣẹ́ yín, ibi tí ẹ ń gbé.

Akọ̀ròyìn náà dáhùn wéré, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, bọ́tìnnì kan ti já lára ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ohùn ẹ̀ sì ju ara ẹ̀ lọ. Ó sọ nípa ilé alájà mẹ́rin kan tí àtẹ̀gùn ẹ̀ ti jẹrà. Àwọn ayálégbé kọ lẹ́tà títí, onílé ò fèsì, wọn ò tiẹ̀ mọ ibi tó ń gbé. Ọjọ́ tí àtẹ̀gùn náà já, tí ìyá arúgbó kan fi ṣẹ́ nítan, ni akọ̀ròyìn wá ilé onílé náà kàn, tó sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú òpópónà àti nọ́ńbà. Àwọn ayálégbé lọ jókòó síwájú géètì ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọn ò sọ̀kò, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Ó tún àtẹ̀gùn ṣe. Akọ̀ròyìn ní bí òfin yìí bá ti wà nígbà náà, òun ni ìbá wà lẹ́wọ̀n, onílé ìbá sì wà nílé ẹ̀.

"Aláìlágbára lẹ ń rán aṣọ yìí fún," ló sọ fún ìgbìmọ̀, "ṣùgbọ́n alágbára ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

Mo kọ ọ́. Mo sì rò ó nínú mi pé òótọ́ ló sọ.

Ó wá kan aránṣọ. Obìnrin tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún ni, téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, bóyá ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ ni. Ó búra. Akọ̀wé bi í ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dárúkọ, ó sọ iṣẹ́ ẹ̀, ó wá dákẹ́. Ó wo alága, alága ń wo fóònù. Ó wo àwọn ìjókòó tó wà lẹ́yìn, èèyàn márùn-ún péré ló wà níbẹ̀. Ó wá wo èmi. Mo tẹ "ẹlẹ́rìí dákẹ́" sínú àkámọ́, torí bí ìlànà wa ṣe wí nìyẹn. Akọ̀wé tún ìbéèrè náà bi í. Aránṣọ wá fi ohùn kẹ́lẹ́ sọ ọ́: àdúgbò, òpópónà, nọ́ńbà ilé, àjà kejì. Mo tẹ gbogbo ẹ̀. Mo tiẹ̀ na ọwọ́ sókè pé kó tún nọ́ńbà náà sọ, kó lè yé mi dáadáa. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyí. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò tó ń gbé tẹ́lẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń gba ife ẹ̀yẹ léraléra. Aránṣọ ló ń rán aṣọ fún àwọn ọmọ náà. Ibi tó ti ń wọ̀n wọ́n ló ti rí àpá bẹ́líìtì lẹ́yìn wọn. Ó kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ọkùnrin náà ń lù wọ́n nílùkulù, ó sì fi orúkọ ara ẹ̀ sí i. Kí ọjọ́ náà tó parí, àwọn tó fẹ́ràn ife ẹ̀yẹ ju ẹ̀yìn àwọn ọmọ lọ ti gbé ilé ẹ̀ síta, nọ́ńbà fóònù ẹ̀, aago tó ń ti ṣọ́ọ̀bù, bọ́ọ̀sì tó ń wọ̀ lọ sílé. Wọ́n sọ òkò lu fèrèsé. Ẹnì kan á wá kan ilẹ̀kùn, bó bá béèrè pé ta ni, onítọ̀hún á dákẹ́, á dúró síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kó kúrò nílé láàárín ọdún méjì, wọ́n sì ń rí i. Ibi tó wà báyìí, oṣù mẹ́wàá rèé tí ẹnikẹ́ni ò tíì wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀.

Alága gbójú sókè níkẹyìn. Ó bi í bóyá kò gbà pé àwọn tó kọ nípa ẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, bó ṣe sọ tiẹ̀.

"Mo gbà, ẹ̀tọ́ wọn ni," aránṣọ wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n sọ, ilé mi ni wọ́n sọ. Àtìgbà náà, mi ò tíì la ẹnu mi sọ nǹkan kan níta mọ́, àfi lónìí."

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní kó fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kó gbàgbé. Aránṣọ ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, mo sì kọ "ẹ̀rín". Akọ̀ròyìn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Orí ló ń mì, orí ẹni tó rí i pé ẹni tó ń bá òun jiyàn kò purọ́. Èmi náà rò ó pé òótọ́ ni tirẹ̀ náà, mo wá ń wò ó bí òótọ́ méjì ṣe fẹ́ gba inú gbólóhùn kan. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́, wọ́n gbé e sórí ìkànnì, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó láti tún un kà, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo dé ibi tí mo ti kọ "ẹlẹ́rìí dákẹ́". Mo ka ohun tó tẹ̀ lé e. Ọdún méjì gbáko ni obìnrin yìí fi ń sá káàkiri kí ẹnikẹ́ni má mọ ilé ẹ̀, àwa la wá pè é síta pé kó wá sọ bí wọ́n ṣe tú àṣírí ilé ẹ̀, a mú un búra, a bi í, ó sọ, mo sì gbé e síta fún gbogbo ayé. Ìdákẹ́ yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni. Ó ń bẹ̀ wá, mo kọ ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀, mi ò gbọ́ ọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà ọ̀hún, orí ọmọ wọ́, mo tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wọ́.

Nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, wọ́n máa ń kọ iye ìgbà tí wọ́n ti ṣí i. Mẹ́fà ni. Mo dìde, mo tún jókòó, mo tún un ṣí, ó ti di méje. Mo lọ bá ọ̀gá wa ní yàrá ẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ó ti di mẹ́wàá.

Ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó tó gòkè kọjá mi. Ó ṣí i wò lẹ́ẹ̀mejì lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bojú. Mo ní kó jẹ́ ká yọ ìlà kan ṣoṣo yẹn. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Bá a bá yọ ọ́ lónìí nítorí aránṣọ, lọ́la mínísítà á wá." Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló dá padà fún mi. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù náà pé kí aránṣọ fọwọ́ sí i, alága náà á fọwọ́ sí i tó bá dé láàárọ̀ ọ̀la. Mo ka fọ́ọ̀mù. Ìlà kẹta nínú ẹ̀ ní: ibi tí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ń gbé. Fọ́ọ̀mù náà sì máa ń lọ sórí ìkànnì. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara ẹ̀.

Aránṣọ ò fún wa ní nọ́ńbà fóònù. Agbẹjọ́rò kan ló bá a gba lẹ́tà ìpè, agbẹjọ́rò náà sì ti rìnrìn àjò, fóònù ẹ̀ ò lọ. Ta ló wá mọ ibi tá a ti lè rí i? Èmi ni. Mo kó fọ́ọ̀mù sínú báàgì, mo wọ bọ́ọ̀sì méjì. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń fi fóònù mi wo ojú ìwé náà, iye yẹn sì ń gòkè, mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá. Mo ń wo ojú àwọn tá a jọ wà nínú ọkọ̀, tí olúkúlùkù ń tẹ fóònù, mò ń rò ó pé ta ni nínú wọn ló ń kà á.

Mo gun àtẹ̀gùn dé àjà kejì. Mo gbọ́ máṣíìnì tó ń ránṣọ. Mo kan ilẹ̀kùn. Máṣíìnì dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí mo rí òjìji ẹsẹ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Mo ní kó má bínú, ilé aṣòfin ni mo ti wá.

"Ta ló fi ilé yìí hàn yín?"

Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo ẹ̀ sá lọ. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ni. Ẹ sọ ọ́ lánàá, mo kọ ọ́."

Mo wá ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún pákó ilẹ̀kùn náà, bí a ṣe gbé àkọsílẹ̀ síta, bí mo ṣe rí i láàárọ̀, bí òfin ò ṣe jẹ́ ká yọ ọ́ láìsí ìfọwọ́sí òun. Ó bi mí pé èèyàn mélòó ló ti kà á. Mo ní mẹ́rìnlá. Ó ní èèyàn mẹ́rìnlá náà ló kọ́kọ́ ka ti ilé òun àkọ́kọ́. Ó ní wọ́n ní kí òun má fi ohunkóhun pamọ́, òun ti fi Ọlọ́run búra, ẹ̀rù sì ba òun láti parọ́ níwájú ìjọba, ìdí nìyẹn tí òun fi sọ ọ́. Ohùn ẹ̀ ò le. Ìbá tiẹ̀ bú mi, ara ìbá tù mí.

Mo fi fọ́ọ̀mù náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé sí i, pẹ̀lú bírò. Mo ní kó fi ìlà kẹta sílẹ̀ lófìfo, màá bá ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè jà lórí ẹ̀. Mo gbọ́ bírò lórí ìwé. Ó wá béèrè pé, "Òfin tí wọ́n fẹ́ ṣe yìí, bí wọ́n bá ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ṣé wọ́n máa wá mú yín?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́, èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú."

"Akọ̀ròyìn yẹn, òótọ́ ló sọ," ó ní.

"Mo gbọ́ ọ."

"Èmi náà, òótọ́ ni mo sọ."

"Mo gbọ́ tiyín náà."

"Ẹ gbọ́," ló wí. "Ẹ gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ ò kàn dá ọwọ́ dúró ni."

Fọ́ọ̀mù jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti fọwọ́ sí i. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó ṣílẹ̀kùn kí n lè tọrọ àforíjì lójúkojú. Ó ní rárá, ẹ ṣé, ẹ máa lọ. Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń tì mí lójú: láàárín ìtìjú yẹn, inú mi dùn díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí onítọ̀hún bi mí ní ìbéèrè tó sì dúró gbọ́ èsì. Mo sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, mò ń dẹtí bóyá máṣíìnì á tún bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà alága kó tó dé. Ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà láìkà á, fún ìgbà àkọ́kọ́ mo dúpẹ́ fún ìwà ọ̀lẹ ẹ̀. Ọ̀gá wa wo ìlà kẹta tó ṣófo, ó wo ojú mi, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi. A yọ ilé aránṣọ kúrò. Mo wá lọ bá obìnrin tó ń tọ́jú ìkànnì, mo ní kó bá mi wò ó, àwọn wo ló ti ṣí ojú ìwé náà, ìgbà mọ́kànlélógún ló wà lára ẹ̀ báyìí. Ó tẹ nǹkan, ó tún tẹ nǹkan, ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin ni, mà," ó ní. "Kọ̀ǹpútà yín, mẹ́tàlá. Fóònù yín, mẹ́fà. Méjì tó kù, ti ọ̀gá ni. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ̀rọ ń kà á kún un."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Kò sẹ́ni tó kà á, ẹyọ ẹnì kan láti ìta ò kà á. Ta ló tiẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀? Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi rò pé gbogbo ayé ń kà mí, inú mi ò dùn rí pé wọn ò kà mí bíi ti ọjọ́ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin náà bi mí bóyá ara mi yá. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù kan, mo ra aṣọ yáàdì mẹ́rin, aláwọ̀ búlúù tó ní òdòdó wẹ́wẹ́. Mo ti rò ó tán: màá sọ fún un pé kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀, màá wá ní kó bá mi rán búláùsì àti yẹ̀rì. Kò lè rán an láìwọ̀n mí, bó bá sì rán an tán, màá padà wá gbà á. Mo ń ro ohun tí n ó máa sọ bó bá ń wọn èjìká mi.

Mo kan ilẹ̀kùn, ó ṣí fúnra ẹ̀. Yàrá náà ṣófo. Àmì ẹsẹ̀ máṣíìnì mẹ́rin wà lórí ilẹ̀, àwọn àjákù òwú díẹ̀, abẹ́rẹ́ kan. Mo pè, kò sẹ́ni tó dáhùn. Obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ gbọ́ mi, ó gòkè wá, ó gbá ìgbálẹ̀ mú lọ́wọ́. Ó ní aránṣọ ti kó lọ, ìdájí ni ọkọ̀ wá kó ẹrù ẹ̀, òun bá a gbé máṣíìnì sọ̀kalẹ̀. Àwọn méjèèjì sọkún díẹ̀. Kò sọ ibi tó ń lọ, òun náà ò sì bi í, torí òun mọ̀ pé aránṣọ ò fẹ́ kí wọ́n bi í.

Mo ní kí ló dé tó fi lọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wá ibẹ̀.

"Ẹnì kan wá," obìnrin náà wí. "Lánàá. Aránṣọ ní ìyá àgbàlagbà kan ni, ohùn ẹ̀ tutù, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ilé. Ó ní òun ò lè sùn níbi tí ẹnì kan bá ti mọ̀ mọ́."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi ni ekòló yẹn. Mọ́kànlélógún, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ọ̀tá. Nínú gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo ló mú ilé tí mo kọ sílẹ̀ yẹn, tó wọ bọ́ọ̀sì méjì, tó gun àtẹ̀gùn, tó kan ilẹ̀kùn. Bí mo bá ti jókòó jẹ́ẹ́ sí ọ́fíìsì, tí mo rọra wá agbẹjọ́rò ẹ̀ kàn, ì bá ṣì wà nídìí máṣíìnì ẹ̀. Wọ́n ní kí n fẹ́ ẹ lójú, mo fi ata sẹ́nu.

Obìnrin náà ń wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó bi mí bóyá mo mọ ìyá tó wá náà.

"Èmi ni," mo ní.

Ó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó dúró sáàárín ọ̀nà bí ẹni pé ohun kan ṣì kù tó lè dáàbò bò nínú yàrá náà. Mi ò dá a lẹ́bi. Mo ní kó jọ̀ọ́, bí aránṣọ bá pè é tàbí tó bá padà wá mú nǹkan, kó sọ fún un pé wọ́n ti yọ ọ́, kò sẹ́ni tó kà á, èmi nìkan ni. Ó ní ta ni kí òun sọ pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo fa ìwé ya, mo kọ ọ́ fún un.

Òfin náà ti jáde báyìí. Nítorí ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn, wọ́n fi kún un pé ó dìgbà tí ẹni tó gbé e síta bá gbèrò ibi kó tó jẹ̀bi, àti pé kò kan ẹni tó bá ń tú àṣírí ìwà ìkà fún ire aráàlú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, mo gbà. Òfin ò mú akọ̀ròyìn, kò sì mú mi, torí mi ò gbèrò ibi. Ọjọ́ tí ẹlẹ́rìí mìíràn tún wá búra, tí akọ̀wé ń bi í níbi tó ń gbé, mo dìde lórí àga mi, mo ní kí ẹlẹ́rìí má dáhùn. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Mo sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà ò sí nínú àkọsílẹ̀, torí èmi ni mò ń kọ, ọwọ́ mi ò sì sí lórí kọ̀ǹpútà.

Oṣù méje rèé. Aṣọ búlúù náà ṣì wà lórí àga ní pálọ̀, mi ò lè gbé e fún aránṣọ mìíràn. Ohun tí mo kọ sínú ìwé tí mo fún obìnrin ìsàlẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí: orúkọ mi gan-an, òpópónà, nọ́ńbà ilé, ilẹ̀kùn kejì lọ́wọ́ òsì bí èèyàn bá gòkè tán. Mo kọ ọ́ gàdàgbà kó lè rí i kà. Bí mo bá ti ẹnu iṣẹ́ dé, mo máa ń dín ohùn rédíò kù, kí n lè gbọ́ bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn. Kò tíì sẹ́ni tó kàn án.